Ilé Zdislava Ló Ń Kọ́kọ́ Jáde

Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀ o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ire aládùúgbò rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn.

1.
Ní abúlé wa lẹ́bàá ìlú Mikulov nílẹ̀ Czech, wáìnì la ń ṣe, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fi yàrá gbàlejò. Ti Drahomíra ló pẹ́ jù. Àwọn arúgbó láti ìlú Olomouc máa ń wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà ìkórè àjàrà. Owó yàrá yìí ni òun àti Bohumír ọkọ rẹ̀ fi ń tọ́jú ọgbà àjàrà tí bàbá Drahomíra fi sílẹ̀ fún un. Bí àlejò ò bá wá, ọgbà lọ nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, Zdislava, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé àwọn méjèèjì, fi ọ̀dà búlúù kun fèrèsé rẹ̀. Ó ṣí yàrá mẹ́ta, ó sì gbé ìkànnì tirẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí owú ṣe wọ inú Drahomíra nìyẹn. Kì í ṣe owú kékeré o. Ó ń ta á nínú bí ata.

2.
Láràárọ̀, kó tó po kọfí, á gbé fóònù, á lọ sórí ẹ̀rọ ìwákiri ńlá tí gbogbo ayé ń lò, á sì tẹ "yàrá lẹ́bàá ọgbà àjàrà". Ilé Zdislava á jáde lókè, tirẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Á ṣí ti Zdislava, á kà á látòkè délẹ̀, á wo àwòrán ibùsùn, á wo aṣọ fèrèsé. Tó bá di ọ̀sán, á tún padà síbẹ̀.

"Obìnrin yìí, o ò tíì bọ́jú," Bohumír wí.

"Òun ló tún ṣáájú."

"Ta ni?"

"Ta lo rò? Kí ló ní tí mi ò ní? Obìnrin tí àkàrà òyìnbó koláče ẹ̀ le bí òkúta."

"Yàrá wa kúkú kún lọ́dún tó kọjá."

"Tiẹ̀ ńkọ́? Ṣé o kà á ni?"

3.
Ó ránṣẹ́ pe Radka, ọmọbìnrin kan ní Brno tó ń tún ìkànnì ṣe kó lè máa jáde lókè. Radka jókòó sí kíṣínì, ó wá ilé náà lórí fóònù tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Mà, ẹ̀rọ ìwákiri kan kọ́ là ń lò nílẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ ti Czech wa wà níbẹ̀, òun làwọn àgbàlagbà fẹ́ràn. Lórí ìyẹn, ẹ̀yin lẹ ṣáájú gbogbo abúlé. Ìkànnì yín ti pẹ́, ọwọ́ ara yín lẹ sì fi kọ ọ́: ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, bí àtẹ̀gùn yín ṣe rí fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi àwòrán tuntun kún un, ká jẹ́ kó máa tètè ṣí lórí fóònù. Ẹ má ṣáà pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́."

"Mi ò fẹ́ ìyẹn. Ṣe é kó rí bíi ti Zdislava, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀."

"Ti Zdislava? Lórí ẹ̀rọ àgbáyé náà pàápàá, ẹ̀yin lẹ ṣáájú ẹ̀ lórí fóònù mi."

Drahomíra wò ó látòkè délẹ̀. "Èló ló fún ẹ?"

Radka kó àpò rẹ̀, ó padà sí Brno.

4.
Ọkùnrin kan tí Drahomíra ò fojú rí rí ló bá a ṣe é láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́, ó da ti Zdislava kọ, orúkọ nìkan ló yí padà. Kódà ó kọ ọ́ pé aláwọ̀ búlúù ni fèrèsé ilé náà. Igi lásán ni fèrèsé Drahomíra, ẹnikẹ́ni ò kùn ún rí. Inú obìnrin náà dùn, ó sùn fọnfọn.

Ẹ̀rọ ìwákiri kì í ṣe ọmọdé. Tó bá rí ojúewé méjì tó jọra délẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ wà ló máa ń mú, á ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sẹ́yìn pátápátá. Bí ti àgbáyé ṣe ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Czech wa ṣe é. Àjàrà pọ́n, wáìnì tuntun dé, àlejò kún abúlé. Yàrá Drahomíra ṣófo.

5.
Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Zdislava kan ilẹ̀kùn. Bàbá Vendelín ará Olomouc, ọ̀kan lára àwọn àlejò Drahomíra àtijọ́, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di àbẹ́là pupa tí a máa ń tàn sórí ibojì mọ́wọ́. Nígbà tí bàbá náà rí Drahomíra, ó fà sẹ́yìn.

"Drahomíra, ṣé ìwọ nìyí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ilé ẹ̀ lẹ wá wọ̀ sí, àbí?"

"A wá ẹ títí lórí kọ̀ǹpútà, a ò rí ẹ mọ́. Gbogbo ohun tó o kọ fún wa ti pòórá. Ìyàwó mi ní o ti kú nìyẹn. Àbẹ́là ibojì ẹ la rà wá. A sì ń bi Zdislava níbi tí wọ́n sin ẹ́ sí."

Zdislava ò rẹ́rìn-ín. "Drahomíra ọ̀wọ́n, yàrá mi ò gbà wọ́n tán. Àwọn tó kù wà nínú ọkọ̀ níta, ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n fẹ́ tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, owó tó lè gba ọgbà àjàrà bàbá Drahomíra là ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kò wo Bàbá Vendelín, Zdislava ló ń wò.

"Èmi ò jẹ àjẹkù ẹ."

Ó ti ilẹ̀kùn. Nínú kíṣínì, Bohumír fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

6.
Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, owó ò sí mọ́, wọ́n ti ta ọgbà fún ọkùnrin kan láti ìlú Prague. Lẹ́yìn náà ni Bohumír pe Radka lórí fóònù, ó bi í léèrè ìdí tí ilé Zdislava fi ń ṣáájú.

"Orí fóònù ìyàwó yín nìkan ni, sà. Fóònù wọn ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́, òun ló sì ń kọ́kọ́ gbé fún wọn. Ẹlòmíì ò rí i bẹ́ẹ̀."

Drahomíra jókòó níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ó gbé fóònù tirẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Kẹ́ ẹ tó ba tiyín jẹ́ nítorí ti aládùúgbò, ẹ bi àlejò léèrè ohun tó ń rí. Ohun tí owú fi hàn yín lè má sí níbì kankan àfi lójú yín. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: òjòwú ò lẹ́ran láyà.