Òórùn Gọ́ọ̀mù Ò Lọ Nílé Wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo oògùn olóró lójoojúmọ́ lórí fóònù, ẹ wá gbọ́ tilé wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́.

Olúwaṣògo àbúrò mi ra ọkọ̀ ìṣeré kékeré oníke, sípọ́ọ̀tì káà. Inú páálí ni gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀ wà. Èèyàn á fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀, á sì fi ọ̀dà pupa kùn ún.

Màmá wa, dìákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣílẹ̀kùn, òórùn sì kọlu imú wọn.

"Yéè! Ṣògo ti ń fa gọ́ọ̀mù símú!"

Wọ́n gba páálí tòun ti gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà, wọ́n tì wọ́n mọ́ yàrá tiwọn.

Àmọ́ òórùn ò lọ. Ó tiẹ̀ ń le sí i ni.

Ṣògo ń búra. Màmá ní irọ́ ni, ó ti fi òmíì pamọ́. Wọ́n ní tó bá di Mọ́ńdè, oko ẹ̀gbọ́n àwọn n'Íkòyí-Ilé ni Ṣògo ń lọ.

Mo tú gbogbo ilé, mi ò rí gọ́ọ̀mù. Kódà, ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń fa irun ojú mi ti di àwátì.

Lónìí, Màmá kó wa jọ fún àdúrà.

"Ẹ dijú! Ẹ gbé ọwọ́ sókè! Olúwa, tú àṣírí ẹni tó ń fa òórùn yìí!"

Mo rọra lajú.

Ọ̀dà pupa ló wà ní èékánná Màmá. Ìka wọn méjì ti lẹ̀ mọ́ra, kò ṣeé ṣí.

Ṣògo náà ti lajú.

"Màmá, ta ló ń lọ sóko ní Mọ́ńdè?"

"Di ojú ẹ!" Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Táyà ẹ̀yìn kan péré ló kù. Lórúkọ Jésù."

A ṣe àmín.