Páìpù Bíréèkì Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Jórinjórin ti wà lábẹ́ píkọ́ọ̀pù tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń ṣọ́ aago. Bí bíréèkì ọkọ̀ náà bá ṣiṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, àbúrò yìí máa gbé e lọ, kò sì ní padà.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ìyá wọn ṣubú nílé ìwẹ̀ tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Láti ìgbà náà ló ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí á ti máa gbọ́ bí ìyá bá pè. Ìyá sì mọ̀ ọ́n pè. Ó ń pè nítorí omi, ó ń pè nítorí fèrèsé, ó ń pè nítorí ìrọ̀rí tó yẹ̀. Jórinjórin ló máa ń gbé e lọ wẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìyókù, ti aránṣọ ni. Ẹnì kan ò lè kúrò nínú ilé náà àfi bí ẹnì kejì bá dúró. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta rí nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n jọ mọ̀ ọ́n.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan lọ́nà jíjìn ti gba aránṣọ síṣẹ́ báyìí. Ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Irọ́ tó pa fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni pé òun fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé ìyá lọ rí dókítà. Ó ti múra àríyànjiyàn sílẹ̀, àmọ́ Jórinjórin ò bá a jiyàn rárá.

"Ó yẹ ká tún un ṣe," ló sọ, ó sì lọ ra páìpù lọ́jọ́ kejì.

Páìpù kan péré ló ń jò, èyí tó lọ sídìí táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Ó ti dípẹtà débi pé bí èèyàn bá fi èékánná ha á, ṣe ló ń bó bí èèpo. Ṣùgbọ́n nígbà tí aránṣọ jáde wá wò ó lọ́sàn-án, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti tú sílẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ṣebí ẹyọ kan ló bàjẹ́?"

"Àwọn tó kù náà ò ní pẹ́ bàjẹ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi gbogbo wọn sí i."

"Ilé ìwòsàn tí à ń wò látibí yìí la fẹ́ lọ o."

Jórinjórin rọra ń tẹ páìpù bàbà tuntun, ó ń fi èyí tó ti dípẹtà wọ̀n ọ́n. Kò gbójú sókè. "Mi ò lè ṣe bíréèkì ààbọ̀ fún ọkọ̀ tó máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè."

Aránṣọ mọ ọ̀nà náà dáadáa. Kò sí òkè kankan lọ́nà ilé ìwòsàn. Ọ̀nà tó jáde nílùú nìkan ló gun òkè. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, bóyá á rí i kà, ṣùgbọ́n páìpù ni ọkùnrin náà ń wò.

"Ẹ jẹ́ n lọ yí Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì."

"Fi aṣọ ìbùsùn sábẹ́ ìbàdí wọn bí mo ṣe fi hàn ọ́ láàárọ̀. Ìwọ nìkan á lè gbé wọn, o ò sì ní fara pa. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí."

Nínú ilé, ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbé gáàsì tuntun sílé ìdáná. Oògùn ìyá tó máa tó oṣù méjì wà lórí pẹpẹ, ó tò wọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n máa lò ó. Àánú ọkùnrin náà ṣe é. Ó tijú ara rẹ̀, ojú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í débi pé kò ní lọ mọ́.

Nígbà tí páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé tán, ó ku kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde nínú wọn, iṣẹ́ ẹni méjì sì nìyẹn. Aránṣọ jókòó sídìí ìwakọ̀. Jórinjórin wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú sípánà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àti ìgò.

"Tẹ bíréèkì."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Dì í mú. Má gbé ẹsẹ̀ o, àfi tí mo bá ní kó o gbé e. Tó o bá gbé e, afẹ́fẹ́ á tún wọlé, a ó sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

Kọ́kọ́rọ́ wà lójú ihò rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún aránṣọ. Géètì ṣí sílẹ̀ níwájú. Àmọ́ orí jáàkì ni ọkọ̀ wà, kò ní táyà lẹ́sẹ̀. Ìyá pè láti inú yàrá.

"Màmá ń pè."

"Má gbé e."

Ìyá tún pè. Itan aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbogbo ayé rẹ̀ ti sú u, ó sì ṣe é bíi kó figbe ta.

"Ó yá, gbé e."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí wọ́n fi yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, tí bíréèkì fi le gbagidi. Jórinjórin dá àwọn táyà padà, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó sì pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Kí ọ́ìlì má baà ba ìjókòó jẹ́," ló wí. "Lọ dá Màmá lóhùn. Mo fẹ́ wà á dé kọ́nà yẹn, kí n dán an wò."

Aránṣọ wọlé. Bí ẹ̀gbọ́n òun bá ti dé báyìí, á lọ wẹ̀. Ìgbà tó bá wà nílé ìwẹ̀ lòun máa lọ. Ó gbọ́ tí ọkọ̀ dúró gbọn-in lẹ́nu géètì. Ó gbọ́ tó tún dúró gbọn-in ní kọ́nà. Bíréèkì ti múná. Inú rẹ̀ dùn, ó bu omi fún ìyá, ó sì lọ dúró sójú fèrèsé kó lè rí ọkọ̀ bó bá ń padà bọ̀.

"Wá jókòó, ọmọ mi," ni ìyá wí, "ẹ̀gbọ́n rẹ ti dágbére fún mi láàárọ̀, ó ní ẹ ti jọ sọ ọ́, pé ìwọ lo gbà láti dúró tì mí."