Omi Pípọ́n Ìyá Àrọ̀

Mo fi ojú mi méjèèjì búra, òótọ́ ni àlọ́ yìí. Ó dáa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ojú kan.

Ó dá lórí Àrọ̀, ẹja ọ̀lẹ tó jẹ́ kí ewé jẹrà sínú ibú rẹ̀ títí omi fi pọ́n. Akàn, tó ń gbá ewé ibú tirẹ̀ dànù láràárọ̀, a máa fi í ṣẹ̀sín: "Ìyá Àrọ̀, ṣé inú àgbo lẹ ń gbé ni?"

Lọ́jọ́ kan, alágbẹ̀dẹ kan da eruku fàdákà tó kúnná ju ẹ̀lúbọ́ lọ sódò. Nínú omi mímọ́ Akàn, ó wọ àwọn ọmọ rẹ̀ lára, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nílé Àrọ̀, oje ewé ti bo eruku náà, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Akàn kó àwọn ọmọ rẹ̀ sáré dé ọ̀dọ̀ Àrọ̀. "Ìyá, ẹ gbà wá!"

"Kọrin ná!"

"Ìdọ̀tí yín ló dáa jù!"

Àwọn ọmọ Àrọ̀ gbè é: "Ó dáa jù, àní ó dáa jù!"

Wọ́n wọlé, ọmọ kan kò kú. Àrọ̀ jó títí ìrù fi ń dùn ún.

Orin yẹn nìkan ni mo fi kún un. Ẹkún ni Akàn sun.