Béjidé Tó Ń Bu Pọ́dà Lókè Àgbá

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ẹni tí kò lè wọn gààrí kó má ṣì í wọ̀n, kí ló fẹ́ sọ nípa ìwọ̀n? Ohun tí mo kàn ṣàkíyèsí ni pé ọ̀lẹ ni Béjidé, ọ̀lẹ tó sì tún ń wá ipò ọ̀gá.

Ní nǹkan bí ọdún 1996, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ pọ́dà ooru kan l'Óṣogbo, lẹ́yìn Old Garage. Àgbá ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń da pọ́dà méjì sí: funfun kan, àti oògùn aláwọ̀ ewé kan tó ń ta lára bíi róòbù. Ẹ̀rọ á máa fẹ́ atẹ́gùn sí wọn láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa hó bí ẹ̀kọ títí méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ìyẹn bí wọ́n bá gbà o. Pọ́dà tó bá kúnná jù, tí ojú ò lè rí ẹyọ rẹ̀, a máa dì mọ́ra bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn, atẹ́gùn á sì gba àárín wọn kọjá lásán.

Iṣẹ́ Béjidé ni kó fi ọ̀pá oníhò bu pọ́dà níbi mẹ́wàá, láti òkè títí dé ìdí àgbá, kó sì wo bí àwọ̀ wọn ṣe bára mu tó. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí apá ro òun. Ó fi ṣíbí bu pọ́dà lókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pín in sí mẹ́wàá, ó kọ àwọ̀ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó yàtọ̀. Báwo ni wọn ì bá ṣe yàtọ̀?

Nígbà tí Alájì Sàláúdéènì tó ni ilé-iṣẹ́ náà rí ìwé rẹ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò rí irú ìdọ́gba báyìí rí láyé. Ó fi ìwé náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó sì ṣèlérí pé bí oṣù bá parí, Béjidé ni yóò di ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń yẹ pọ́dà wò.

Raliat tó ń darí ẹ̀rọ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Bọ̀dá Béjidé, kò sí pọ́dà kankan lára ọ̀pá yín. Ẹ ò dé ìdí àgbá."

"Raliat, ìwé ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé o mọ̀wé ju ìwé lọ ni?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Phebe ìyàwó Béjidé bímọ sílé àwọn òbí rẹ̀ n'Íléṣà. Ẹ sì mọ̀ pé bí a bá ti gbọ́ ohùn ìyá, tí a gbọ́ ohùn ọmọ, pọ́dà ni a ń dà sí ara wa lọ́rùn. Béjidé gbé páálí agolo pọ́dà méjì lọ, láti inú àgbá tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Òkè àgbá ni wọ́n ti di páálí kìíní. Kò ta, kò rùn. Bàbá Barnabas, bàbá Phebe, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ní kí wọ́n ṣí èkejì, bóyá ìyẹn á mọ̀ pé ayọ̀ là ń yọ̀. Ìdí àgbá, níbi tí oògùn kó jọ sí, ni èkejì ti wá. Bàbá dà á sọ́rùn, ó dà á sáyà, ó tún bu díẹ̀ sábẹ́ fìlà.

Kò pẹ́ tí bàbá fi dìde láìsí ẹni tó pè é. Ọrùn rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé tẹ̀tẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó bọ́ bùbá, ó sáré lọ sídìí kànga. Àwọn ìyá ìjọ mẹ́fà tó ti dà á sára náà tẹ̀ lé e, gbogbo wọn aláwọ̀ ewé, wọ́n ń fẹnu fẹ́ ara wọn lọ́rùn. Àwọn tó ń kọjá lọ rò pé ìjọ tuntun ti dé sí àdúgbò.

Bàbá da omi sórí tán, ó ní, "Ta ló yẹ pọ́dà yìí wò?"

Phebe ka ara agolo. "Orúkọ Béjidé ló wà níbí, sà."

Béjidé ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n sì sọ ọmọ náà lórúkọ láìsí bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Barnabas sì gbé agolo náà lọ bá Alájì l'Óṣogbo.

"Béjidé, ibi mẹ́wàá lo ti bu ú?" ni Alájì bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ibi gbogbo sì dọ́gba?"

"Wọ́n dọ́gba, sà."

"Ó dáa. Bọ́ ẹ̀wù."

Raliat fi ọ̀pá bu pọ́dà tó ṣẹ́ kù níbi mẹ́wàá, Alájì sì ń fi í pa Béjidé lára láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Níbi tó bá ti dákẹ́, Raliat á kọ òdo. Níbi tó bá ti fò, á kọ bó ṣe fò ga tó. Ti iwájú orí jẹ́ òdo. Ti abẹ́ apá ga ju bẹ́ǹṣì lọ. Ti àtẹ́lẹsẹ̀, Old Garage ni wọ́n ti rí i mú. Ìwé yẹn nìkan ni òótọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kọ lọ́dún náà. Òun ni Alájì fi rọ́pò ti ògiri, ó fi Raliat ṣe ọ̀gá, ó sì lé Béjidé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò farasin. Ẹni tí a ní kó yẹ iṣẹ́ wò kò gbọdọ̀ dúró síbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí ibi tó ṣòro dé gan-an ni àléébù ń sápamọ́ sí. Ẹ fura sí ìwé tó bá dọ́gba jù. Orúkọ tí a bá sì kọ sára irọ́ lè bá wa dé ilé àna. Pọ́dà tó wà lọ́rùn yín láàárọ̀ yìí, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?