Sàlàkọ́ Ìkọ̀tún àti Káàdì Tó Fẹ́ Kó Gba Mẹ́wàá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró lágbedeméjì. Ẹ ka ìtàn yìí kanlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn ènìyàn fọkàn tán láti máa ṣe ìdájọ́ nǹkan wọn.

1.

Ní ọdún 1988, ilé-iṣẹ́ kan ń fi káàdì sínú ṣingọ́ọ̀mù, àwòrán agbábọ́ọ̀lù kan lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Àwọn àgbà kan ní Ìkọ̀tún ń kó káàdì jọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní rẹ́jísítà, wọ́n sì ní òfin. Bí káàdì bá wọlé, wọ́n á wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á wò ó bóyá àwòrán wà láàárín gbùngbùn, wọ́n á sì fún un ní máàkì. Mẹ́wàá ló ga jù. Tíṣà Susanna, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló ń kọ máàkì náà sínú rẹ́jísítà.

Òfin wọn kò ṣòro: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé káàdì, kò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, kò gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù. Bó ṣe jáde nínú ṣingọ́ọ̀mù ni kó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún káàdì ara rẹ̀ ní máàkì.

Sàlàkọ́ ni adájọ́ wọn. Aago ló ń tún ṣe, ojú rẹ̀ mú, ó sì ní gíláàsì kékeré tí ń sọ èérún di òkúta. Kì í ṣojúsàájú.

"Mẹ́fà," ló wí fún Julius télọ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́fà kẹ̀? Ẹ tún un wò jàre!"

"Igun kan ti rọ."

"Níbo? Èmi ò rí nǹkan kan."

"Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fi ọ́ ṣe adájọ́. Ẹni tó kàn!"

2.

Sàlàkọ́ náà ní káàdì tirẹ̀, àwòrán gólì kan tó fò sókè láti mú bọ́ọ̀lù, tó na ọwọ́ méjèèjì. Susanna àti Julius ló fún un ní máàkì: mẹ́jọ. Káàdì kankan ò tíì gba mẹ́wàá rí ní Ìkọ̀tún.

Lẹ́tà bá dé láti Ìbàdàn. Alàgbà Akínbọ́lá, alága àwọn akókàádìjọ níbẹ̀, ń bọ̀ ní Sátidé láti wá yẹ rẹ́jísítà wọn wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Sàlàkọ́ ni yóò di adájọ́ àgbà fún ìlú méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ti dayọ̀," ni Susanna wí.

"Adájọ́ àgbà tí káàdì tirẹ̀ gba mẹ́jọ? Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín."

"Ta ni yóò fi yín ṣẹ̀sín? Mẹ́jọ dáa."

"Ó dáa fún Julius."

3.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Sàlàkọ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó mú abẹ.

"Igun kan ṣoṣo ló rọ. Ìwọ̀n irun orí kan péré ni màá yọ."

Ó gé ẹ̀gbẹ́ òsì. Igun náà mú bí abẹ́rẹ́. Àmọ́ àwòrán ti wá sún mọ́ òsì. Ó gé ọ̀tún. Ọ̀tún wá wọ́. Ó tún ọ̀tún gé. Òkè wá dà bí ẹni tó fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ó gé òkè. Ìsàlẹ̀ ńkọ́?

Ó pòṣé. "Kí ló dé tí káàdì yìí ò gbọ́ràn?"

Ó gé ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ohun gbogbo ti gún régé.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó gbé e síwájú Susanna àti Julius.

"Ẹ ò wò ó dáadáa níjọ́sí. Ẹ tún un wò."

Julius yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Igun yìí kọ́ ni mo rí."

"Ojú ẹ ni kò dáa."

Susanna gbé bírò sókè, kò tíì kọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò fọwọ́ kàn án ṣá?"

"Tíṣà! Èmi? Èmi tí mo gbé òfin kalẹ̀?"

Susanna fa igi lé mẹ́jọ, ó kọ mẹ́wàá.

4.

Alàgbà Akínbọ́lá kò mú gíláàsì wá, kò mú rúlà wá. Ó ki káàdì Sàlàkọ́ sáàárín ogún mìíràn, ó kó wọn jọ bí ẹni tó fẹ́ pín wọ́ọ̀tù, ó gbá wọn mọ́ tábìlì, gbà, gbà! Ó wá fi àtàǹpàkò fa orí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àtàǹpàkò jìn sí kòtò.

Ó tún wọn gbá. Ibì kan náà ló tún jìn sí. Ó fa káàdì yẹn yọ.

"Ta ló ni eléyìí? Ó kúrú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ."

Sàlàkọ́ bọ́ síwájú.

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ń fún káàdì gbogbo ẹgbẹ́ ní máàkì?"

"Èmi náà ni, sà."

Bàbá pa rẹ́jísítà dé. "Mélòó ló wà nínú èyí?"

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá," ni Susanna wí.

"Ẹ fagi lé gbogbo wọn."

"Bàbá, ẹ ṣàánú! Máàkì àwọn yòókù tọ́! Wàláì, mi ò ṣe èrú nínú ìkankan!"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, òótọ́ ni Sàlàkọ́ ń sọ. Gbogbo máàkì yòókù ló tọ́. Ohun tó ń dun ènìyàn nìyẹn!

"Tèmi tí ẹ ní igun rẹ̀ rọ ńkọ́?" ni Julius bi í.

"Ó rọ lóòótọ́, Julius."

"Ẹ kúkú bá mi fi abẹ yín tún un ṣe."

Susanna kó ìwé rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́." Ó jáde.

5.

Ẹgbẹ́ tú ká. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìgándò, ó dé Ẹ̀gbẹ́dá. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Mọ̀dínátù aláṣọ gbé aago ọwọ́ wá.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá. Ẹ padà wá lọ́la."

"Rárá o. Ẹ tú u níṣojú mi. Mo fẹ́ rí ohun tí ẹ yọ, kí n sì rí ohun tí ẹ fi dípò."

Láti ogún ọdún tí Sàlàkọ́ ti ń tún aago ṣe, ẹnikẹ́ni kò dúró tì í ṣọ́ ọ rí. Ó tẹrí ba, ó tú aago náà. Ìyá fa àga, ó jókòó, kò ṣẹ́jú.

Ẹ̀yin tí òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣọ́ra! Èrú kan ṣoṣo tí ẹ bá ṣe fún ara yín lè ba gbogbo òtítọ́ tí ẹ ti ṣe fún ẹlòmíràn jẹ́, ẹ ó sì máa búra láìrí ẹni gbà yín gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ohun yín wà ní iye tó wà. Ẹ ka èyí fún ẹlòmíràn pẹ̀lú, nítorí àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.