Orúnkún Bàbá Mi

Ẹ gbà mí, orúnkún bàbá mi kọ̀, kò san!

Oṣù mẹ́fà rèé tí dókítà ti fi jẹ́lì kan sínú rẹ̀, tó ń tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹran ibẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ lè hù padà.

"Ó ṣì ń dùn mí" ni tiwọn.

Mò ń fi mọ́tò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, à ń tàkúrọ̀sọ, à ń rẹ́rìn-ín.

Lónìí, mo padà sí yàrá dókítà láti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí mo gbàgbé síbẹ̀, mo bá gbọ́ ohùn dókítà látẹnu ọ̀nà:

"Bàbá, orúnkún yín ti san láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fọ́mọ mi. Tó bá gbọ́, kò ní wá mọ́."

Mo wúkọ́, mo wọlé.

"Bàbá mi, ẹ fara tì mí, ká máa lọ."

Wọ́n dìde.

Ẹsẹ̀ kejì, tí kò dùn wọ́n rí, ni wọ́n fi ń tiro.