Rọ́bà Tí Kò Já Kulẹ̀ Rí

Níwájú àwọn dókítà ilé ìwòsàn kan ní Lọ́kọ́ja, ẹnjiníà kan ń ti rọ́bà tín-ín-rín tó fi ọdún mẹ́rin ṣe gba inú ọ̀pá gíláàsì tó dà bí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, ó ń fi bó ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde hàn wọ́n. Lójijì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lọ́pọlọ!" Dókítà Àyọ̀ká ké. "Ẹ gbé e lọ Àbújá!"

"Tírélà ti ṣubú dí ọ̀nà, Mà," nọ́ọ̀sì dáhùn.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Dókítà mú rọ́bà tuntun látinú àpótí ẹnjiníà náà.

"Ẹnjiníà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ fún wa pé kò já kulẹ̀ rí."

Ẹnjiníà fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, orí irú rọ́bà yìí kan ti já sínú gíláàsì nílé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ dókítà mú gírígírí.

"Mo gbọ́," ni dókítà sọ, ó rò pé ẹnjiníà ń bẹ òun kí òun yára. Ó rọra tú ìka rẹ̀ kúrò, ó sì ti rọ́bà náà wọ iṣan itan rẹ̀, kó lè gba ibẹ̀ dé ọpọlọ.